Ọkọ́ Lórí Omi: Ohun tí Àlọ́, Ìlù àti Ìwé Fi Kọ́ Mi Nídìí Àwòrán Títẹ̀

Àwòrán kẹta tí mo tẹ̀ sórí bébà láyé mi ni ó kọ́kọ́ dójú tì mí ní gbangba. Ọkọ̀ ojú omi ni mo fín sára líno, ohun pẹlẹbẹ tí a ń fi ọ̀bẹ fín, tí a ń yí íǹkì lé, tí a sì ń tẹ̀ sórí bébà, pẹ̀lú èrò mẹ́fà tó jókòó sínú rẹ̀ àti ọ̀pá gígùn tí atukọ̀ fi ń tì í lọ, mo sì fẹ́ kí orúkọ àwòrán náà hàn gàdàgbà nísàlẹ̀, nítorí náà mo fín ỌKỌ̀ sí i. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohun gbogbo tí a bá fín ni yóò yí padà nígbà tí ó bá kan bébà: ọwọ́ ọ̀tún á di ọwọ́ òsì, ẹni tó kọjú sí ìlà-oòrùn á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Mo mọ èyí dáadáa. Mo fi sùúrù yí lẹ́tà K padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè wà níbi tó yẹ kí iwájú rẹ̀ wà. Lẹ́tà Ọ kò ní wàhálà kankan, nítorí kò ní ẹ̀yìn, kò ní iwájú, àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà kò sì ní. Ohun tí mo gbàgbé ni àmì ohùn. Mo fa á gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ mi ti ń fà á láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti òkè lápá òsì wá sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, nígbà tí mo sì fi ṣí bébà kúrò lára líno, ohùn ìsàlẹ̀ ti di ohùn òkè. Ogún ẹ̀dà ni mo tẹ̀ láìmọ̀. Olùkọ́ èdè Yorùbá kan tó wá sí ìpàtẹ kékeré tí a ṣe dúró níwájú rẹ̀ títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n irú ọkọ́ wo ni èèyàn mẹ́fà jókòó sínú rẹ̀ yìí?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì máa ń pè mí ní Ọlọ́kọ́ di òní.

Bí mo bá sọ pé inú àlọ́, ìlù àti ìwé ni mo ti ń rí iṣẹ́ mi, àwọn ènìyàn a máa rò pé ìtàn ni mo ń wá tí n óò yà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́jọ. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé àyè tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún olùgbọ́ ni ó yẹ kí n máa wò, ó sì jẹ́ pé àṣìṣe ni mo fi mọ̀ ọ́n, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, líno ni ohun tí wọ́n ṣe láyé àtijọ́ láti máa fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá: epo tí wọ́n fún lára èso ọ̀gbọ̀ ni wọ́n pò mọ́ èèpo igi kọ́ọ̀kì lílọ̀, tí wọ́n wá tẹ́ ẹ lé orí aṣọ tó nípọn bí àpò kòkó. A óò fi ọ̀bẹ kékeré tí ẹnu rẹ̀ rí bí ọ̀pá ìyẹ́ tí a là sí méjì fín in, a óò fi rólà yí íǹkì lé e, a óò gbé bébà lé orí rẹ̀, a óò sì tẹ̀ ẹ́, yálà pẹ̀lú ẹ̀rọ tàbí pẹ̀lú ẹ̀yìn ṣíbí tí a ń fi rìn káàkiri ẹ̀yìn bébà náà títí apá yóò fi máa ro ni. Ibi tí ọ̀bẹ bá kó kúrò ni yóò funfun. Ibi tí ọ̀bẹ kò bá dé ni yóò gba íǹkì. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò tètè mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá dúró sí ni aró kò ní wọ̀. Àwa àti àwọn, ohun tí a kò fẹ́ kó dúdú ni a ń fi ọwọ́ kàn. Nígbà ọyẹ́, líno a máa le koránkorán, ọ̀bẹ a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ lójijì. Àpá mẹ́ta wà ní ìka ìlábẹ̀ mi lápá òsì tí ó jẹ́rìí sí èyí. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi láti máa sá a sí oòrùn fún bí ìṣẹ́jú 10, títí ọ̀bẹ yóò fi máa wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí a ń gé ọṣẹ.

Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, ìlú náà sì ti gbé ìdáhùn ìṣòro mi kalẹ̀ síwájú mi kí n tó mọ̀ pé mo ní ìṣòro. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládipọ̀ òṣèré àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, dá ilé iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari. Etí Yorùbá ni àwọn ará ìlú fi gbọ́ ọ, tí ó fi di ohun tí wọ́n bá rí tí wọn yóò sì yọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ láwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyí ló ti ń bá ẹgbẹ́ òṣèré Ládipọ̀ ṣeré: Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí wà lára wọn. Ògúndélé àti Adébísí Fábùnmi fín líno. Twins Seven-Seven, tó jẹ́ oníjó, ya àwòrán sára páànù tí a ń fi ásíìdì jẹ. Múráínà Oyèlámì tó wá láti Ìrágbìjí ń kùn, ó sì ń lu dùndún. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ìtàn lásán ni mo ka gbogbo èyí sí. N kò bi ara mi léèrè ìdí tí àwòrán àwọn ènìyàn yìí fi máa ń dà bí ohun tó fẹ́ dìde kúrò lórí bébà, tí tèmi sì jókòó jẹ́ẹ́ bí àga. Ẹni tó ti jó sí ìlù rí kò lè ya onílù bí ẹni tó ń ya àga.

Èmi kì í ṣe oníjó, n kò sì mọ ìlù lù. Àlọ́ nìkan ni mo ní.

Ìyá ìyá mi ló ń pa á fún wa, lálẹ́, bí ó ti ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Bí ó bá ti ní "Ààlọ́ o", tí a sì dá a lóhùn "Ààlọ̀", yóò gbé ìtàn náà rìn títí yóò fi dé ibi orin, yóò lé e, yóò sì dákẹ́. Bí a kò bá gbè é dáadáa, kò ní bá wa wí. Yóò kàn tẹjú mọ́ igbá rẹ̀, yóò máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ìtàn kankan nílẹ̀. Ìjàpá lè wà lórí igi ọ̀pẹ nígbà náà, kí ó sì wà níbẹ̀ títí ẹnì kan nínú wa yóò fi ké ègbè.

Àlọ́ tí mo kọ́kọ́ fín ni ti Ìjàpá tó lọ gba àsèjẹ fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ọmọ. Babaláwo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó wá sáré padà lọ bẹ babaláwo, ó ń kọrin lọ lójú ọ̀nà. Mo fi gbogbo rẹ̀ sínú àwòrán kan ṣoṣo: ìkòkò àsèjẹ, ilé babaláwo, Yánníbo lẹ́nu ọ̀nà, gbòǹgbò tó gbé Ìjàpá ṣubú, àti Ìjàpá fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a jọ gbọ́ àlọ́ náà lẹ́nu ìyá àgbà, wò ó, ó ní, "Ó dára. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀," ó sì kọjá lọ bu omi mu. N kò rí nǹkan kan fèsì. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sí ibi kankan tí yóò ti bá mi gbè é.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo tún un fín, lọ́nà tí a máa ń gbà fi líno kan ṣoṣo tẹ àwọ̀ mẹ́ta. Ọ̀nà yìí kò ṣeé fi ṣeré. A óò kọ́kọ́ fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù tẹ gbogbo bébà tí a fẹ́ lò, láìku ẹyọ kan. A óò padà fín sí i lára líno kan náà, a óò fi àwọ̀ tó dúdú ju ti àkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lé e lórí. A óò tún padà fín. Nígbà tí a bá fi dé àwọ̀ ìkẹyìn, ohun tó ṣẹ́ kù lára líno kò ju egungun lọ, kò sì sí bí a ṣe lè lọ tún èyí tó ti kọjá tẹ̀. Bébà tó bá yẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ti lọ nìyẹn. Bébà 24 ni mo kó jókòó, 17 ni mo kó dìde. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ti gbọ́ orin Ìjàpá létí mi, tí mo sì rí i pé ohun kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣe: nínú àlọ́ náà, orin kì í yí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í yí, ikùn Ìjàpá nìkan ló ń tóbi sí i ní gbogbo ìgbà tí orin bá padà wá. Mo yọ ilé kúrò, mo yọ ìkòkò, mo yọ gbòǹgbò, mo sì bẹ Yánníbo kó má bínú. Ìjàpá nìkan ló kù, ní apá kan bébà, ó na ọrùn, ó la ẹnu, ikùn mẹ́ta sì wà nínú ara wọn, dúdú nínú pupa, pupa nínú ìyeyè. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀, ikùn tó tóbi jù ni mo ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí n tó máa bọ̀ wá sí kékeré. Ìdí àlọ́ ni mo gbà wọlé, mo sì fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ parí. Níwájú ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn, ìdajì bébà wà lófìfo. N kò tẹ nǹkan kan sí i. Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ló tún dúró níwájú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì.

Ìlù ló pẹ́ jù kí ó tó yé mi. Mo ti ya onílù tó pọ̀ kọjá kíkà: fìlà, agbádá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ bí ìwọ̀. Àwọn tó ń ra àwòrán fẹ́ràn wọn, mo sì tà wọ́n, n kò ní purọ́. Lọ́jọ́ kan, onílù àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Àyàn wá bẹ ọ̀gá mi wò, ó sì dúró wo ọ̀kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fín tán. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Gúdúgúdú dà?" Mo nàka sí i fún un: kinní kékeré tó rọ̀ mọ́ ọrùn ọkùnrin kẹta. Ó mi orí. "Mo rí igi ẹ̀, ọmọ mi. Gúdúgúdú ni mò ń béèrè." Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ó ń fi ìka méjì lu etí tábìlì, ìlù kan náà, láìyẹ̀, láìsáré, ó sì ń lù ú lọ bí òun àti ọ̀gá mi ti ń bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, ó sì lè gbé ohùn sókè tàbí kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ bó ti wù ú, nítorí ọṣán tí onílù ń fún mọ́ra. Gúdúgúdú kò ní ọṣán tí a ń fún bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, ohun kan náà ni ó sì ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ ijó títí di òpin. Òun ni ìyáàlù fẹ̀yìn tì tí ó fi lè máa fi ọ̀rọ̀ dárà. Àwọn onílù mi dúró sórí ilẹ̀ dúdú kirikiri tí kò wí nǹkan kan. Mo gé líno mìíràn, mo fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ìfín kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò gùn ju ìrẹsì kan lọ, mẹ́rin mẹ́rin, pẹ̀lú àlàfo kan náà láàárín wọn, kí n tó fi ìlà mẹ́fà tàbí méje péré ṣe onílù kan ṣoṣo lé e lórí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe ìrẹsì náà, onílù kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Níbi tí ọwọ́ mi bá ti yẹ̀ díẹ̀, ojú ẹni tó ń wò ó máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀ gan-an, bí ìgbà tí oníjó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ ti tún padà wá bá mi. Àmì tí mo fojú di lórí lẹ́tà lọ́jọ́sí, òun ni gbogbo ohun tí ìyáàlù ní láti fi sọ̀rọ̀. Ìyáàlù kò ní K, kò ní Ọ. Ohùn nìkan ni ó ní, a sì ń gbọ́ ọ yé.

Mo rò pé ìwé ni yóò rọrùn jù, nítorí òǹkọ̀wé ti bá mi ṣe àpèjúwe tán. Mo mú Àgbákò nínú ìwé *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ẹni tí ó ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká. Mo fín ojú mẹ́rìndínlógún. Mo tilẹ̀ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má baà dín. Ohun tó jáde rí bí asẹ́, àwọn ọmọ tó wò ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, "ení, èjì, ẹ̀ta". Ẹni tó bá ń ka ojú iwin kò lè ráyè bẹ̀rù rẹ̀. Nínú ìwé, a gbọ́ iye ojú náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkàn wa ló sì lọ tò wọ́n sí ibi tó ń dẹ́rù bà á jù. Èmi ti bá gbogbo ènìyàn tò ó tán, mo sì ti kọ́ wọn ní ìṣirò.

Nígbà náà ni mo lọ wá àwọn àwòrán tí Bruce Onobrakpeya ṣe sínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí Wọlé Ṣóyínká ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 1968. Ọmọ Urhobo láti Agbarha-Otor ni Onobrakpeya, ìgboyà ni mo sì rí kọ́ lára rẹ̀: kò ṣe ẹrú ọ̀rọ̀, ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ gbà ni ó ṣe. Mo padà sídìí Àgbákò. Mo tẹ gbogbo ara rẹ̀ ní dúdú, mo jẹ́ kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo wá fi íǹkì dúdú mìíràn tó lọ́ràá jù ú lọ tẹ ojú lé e, dúdú lórí dúdú. Ojú méjì péré ni mo fi ṣe funfun. Àwọn yòókù kò hàn, àfi bí ènìyàn bá rìn kọjá tí ìmọ́lẹ̀ sì ti ẹ̀gbẹ́ kàn án. Nígbà náà ni ọ̀kan yóò ṣẹ́jú sí i, tí òmíràn yóò sì tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé ojú mélòó ni mo ṣe. Mo mọ̀ ọ́n, n kì í sọ.

Onobrakpeya yìí kan náà ni wọ́n máa ń fi tu oníṣẹ́ nínú nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, nítorí ní 1967, ásíìdì tí kò yẹ ló ba páànù síńkì rẹ̀ jẹ́, níbi tí ó sì ti ń wá bí yóò ṣe tún wọn lò ni ó ti dé orí ọ̀nà tuntun tó sọ ní plastograph. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n ti ń sọ ọ́ jù. Líno mi kan là sí méjì nínú ẹ̀rọ ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ìlà funfun kan sì gba àárín ẹsẹ̀ ọdẹ kọjá. Mo wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń dúró de ohun tuntun tí yóò bí. Kò bí nǹkan kan. Mo gbé e sọnù.

Ohun mìíràn tó ṣì ń dùn mí kò tó fi kún ìwé, n óò kàn mẹ́nu bà á. Ilé ìtura kan ra ẹyọ kan nínú Ìjàpá mi. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, mo fi pẹ́ńsùlù kọ 3/17 sábẹ́ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé òun ni ẹ̀kẹta nínú 17 tó wà láyé, mo sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo débẹ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wà nínú yàrá mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ló sì jẹ́ 3/17.

Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí ni àlọ́ ọmọbìnrin kan tó lọ fọ ìpọn lódò tí omi sì gbé e lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ọ, ìyá àgbà sì ti lọ. Mo pe àbúrò ìyá mi lórí fóònù, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá mi, ẹ bá mi rántí orin ẹ̀." Wọ́n rántí lílé, wọn kò rántí ègbè. Wọ́n kọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dákẹ́ níbi tó yẹ kí àwa ọmọdé ti gbà á lẹ́nu wọn, èmi náà dákẹ́, a jọ wà lórí fóònù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò bi ìyá àgbà mìíràn tó ṣì wà ládùúgbò. Mo ti fín ọmọbìnrin náà, mo ti fín odò dé eékún rẹ̀. Ìsàlẹ̀ líno náà, n kò tíì fi ọ̀bẹ kàn án. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, dúdú ni yóò jáde. Ọyẹ́ ti ń mú, nítorí náà mo tún gbé e lọ sá sí oòrùn láàárọ̀ yìí.